Họ́láńdì àbí Nẹ́dálándì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá: lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù físà, ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn, ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Èyí tó rọrùn la to síwájú, èyí tó ta kókó wà lẹ́yìn.

Ṣé ibì kan náà ni Họ́láńdì àti Nẹ́dálándì?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nẹ́dálándì ni orílẹ̀-èdè. Họ́láńdì jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, níhà ìwọ̀-oòrùn, létí òkun. Ìpínlẹ̀ méjìlá ni orílẹ̀-èdè náà ní, méjì péré ló ń jẹ́ Họ́láńdì nínú wọn: Noord-Holland, ìyẹn Họ́láńdì ti Àríwá, àti Zuid-Holland, Họ́láńdì ti Gúúsù.

Àwọn mẹ́wàá yòókù ni Groningen, Friesland, Drenthe, Overijssel, Flevoland, Gelderland, Utrecht, Zeeland, Noord-Brabant àti Limburg. Flevoland ni àbíkẹ́yìn. Ọdún 1986 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orí ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbà lọ́wọ́ omi ló sì wà.

Ìlú wo ló wà ní Họ́láńdì, èwo ni kò sí níbẹ̀?

Amsterdam, Haarlem àti Alkmaar wà ní Noord-Holland. Rotterdam, Leiden, Delft, Gouda, Schiedam àti The Hague wà ní Zuid-Holland. Pápákọ̀ òfurufú Schiphol náà, ilẹ̀ Noord-Holland ló wà, nítorí náà ẹni tó bá balẹ̀ síbẹ̀ tó ní òun ti dé Họ́láńdì kò parọ́ rárá.

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ lọ sí Eindhoven, ìlú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù PSV àti ibi tí Philips ti bẹ̀rẹ̀, ti kúrò ní Họ́láńdì: Noord-Brabant nìyẹn. Maastricht wà ní Limburg, Arnhem ní Gelderland. Ìlú Utrecht àti ìlú Groningen ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ wọn.

Kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà gan-an?

"Ilẹ̀ igbó" ni. Nínú ìwé àtijọ́, "Holtland" ni wọ́n ń kọ ọ́. "Holt" ni igi tàbí igbó, "land" ni ilẹ̀. Agbègbè Haarlem ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1101, orúkọ náà ti di ti ìjòyè tó ń ṣàkóso ibẹ̀: ìwé ọdún náà pe Floris Kejì ní olórí ilẹ̀ Họ́láńdì.

Àlàyé mìíràn wà tí ẹ óò máa gbọ́, pé "hol" túmọ̀ sí ihò, pé nítorí ilẹ̀ náà rì wọlẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ó sì bá ojú ilẹ̀ mu, ṣùgbọ́n àtamọ́ lásán ni. Orúkọ tó ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó rì wọlẹ̀ ni Nẹ́dálándì fúnra rẹ̀: "neder" ni ìsàlẹ̀. Orúkọ yẹn sì ro orílẹ̀-èdè náà, nítorí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ìtẹ́jú òkun.

Igbó tó fún Họ́láńdì lórúkọ kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀ lónìí ni pápá màlúù tí kòtò omi gígùn là kọjá, àti ilé gíláàsì tí wọ́n ti ń gbin tòmátì.

Báwo ni orúkọ apá kan ṣe wá bo gbogbo ilẹ̀?

Owó àti ọkọ̀ òkun ló fà á. Lọ́dún 1579, àwọn ìpínlẹ̀ àríwá dìmọ̀ pọ̀ ní Utrecht. Nígbà tó di 1581, wọ́n kéde pé Ọba Philip Kejì ti Sípéènì kì í ṣe ọba àwọn mọ́. Ìpínlẹ̀ méje ló wá di ìjọba olómìnira, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá dá sínú àpò ìjọba, Họ́láńdì nìkan ń dá nǹkan bí 58. Ẹ mọ ẹni tí wọn óò máa tẹ́tí sí nínú ìgbìmọ̀.

Ẹ wá wo VOC, ilé iṣẹ́ òwò ojú òkun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1602. Ẹ̀ka mẹ́fà ló ní: Amsterdam, Delft, Rotterdam, Hoorn, Enkhuizen àti Middelburg. Họ́láńdì ni márùn-ún àkọ́kọ́ wà, Middelburg nìkan ló wà ní Zeeland. Èyí túmọ̀ sí pé èbúté yòówù tí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀ sí, ará Họ́láńdì ló sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀. "Holanda" ni àwọn Potogí ń pe ilẹ̀ wọn. Láti ẹnu Potogí ló ti di "Oranda" ní Jàpáànì àti "Belanda" ní Indonẹ́síà. Ní Bràsíl, níbi tí àwọn ará Nẹ́dálándì ti gba Olinda àti Recife lọ́dún 1630, tí wọ́n sì pàdánù rẹ̀ lọ́dún 1654, "holandeses" ni wọ́n ń pè wọ́n títí dòní, bẹ́ẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí Johan Maurits, gómìnà wọn tó lókìkí jù.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin fi Họ́láńdì ṣe orúkọ orílẹ̀-èdè náà. Láti 1806 sí 1810, Napoleon, olú-ọba Faransé, fi Louis àbúrò rẹ̀ jọba níbẹ̀, "Ìjọba Họ́láńdì" ni wọ́n sì pè é. Lọ́dún 1815, orúkọ Nẹ́dálándì padà, tòun ti Bẹ́ljíọ̀mù, tó yapa lọ́dún 1830. Ọdún 1840 ni wọ́n tó pín ìpínlẹ̀ Họ́láńdì sí méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Ará Ọ̀yọ́ ni àwọn Haúsá ń pè ní Yorùbá tẹ́lẹ̀. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pẹ̀lú ìwé àwọn míṣọ́nnárì bíi Àjàyí Crowther, ni orúkọ náà tó kárí Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa gba tiwa mọ́ra, àwọn ará Limburg kò gba tiwọn.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣé àṣìṣe ni kí n sọ pé "Holland"?

Lẹ́nu, rárá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tí kò ní lóye yín. Lórí ìwé ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba, ìwé ẹ̀rí, ìròyìn, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́: "the Netherlands" ni kí ẹ kọ. Ẹ fi "Holland" sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá ní àwọn ìpínlẹ̀ méjì yẹn lọ́kàn, tàbí ìtàn ìgbà tí ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀tọ̀.

Ìjọba wọn náà ti mú apá kan. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n ti pinnu láti yé lo "Holland" fi polówó orílẹ̀-èdè wọn lókè òkun, wọ́n sì gbé àmì tuntun jáde: lẹ́tà NL àti òdòdó tulip aláwọ̀ ọsàn. Ohun tó fà á kò ju pé gbogbo àlejò ń rọ́ lọ sí Amsterdam, tí ìpínlẹ̀ yòókù ń wò wọ́n. Lójú tèmi, ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn gan-an ló ń kọ "Holland" gàdàgbà sára ìwé ìpolówó, tí wọ́n tún ń bá àlejò wí pé kò pe orúkọ dáadáa.

Ṣé dandan ni "the" níwájú "Netherlands"? Ọ̀rọ̀ ìṣe wo ló ń tẹ̀ lé e?

Nínú gbólóhùn, dandan ni: "She lives in the Netherlands." Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ "the" yìí, àyàfi tó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Nínú àtẹ tàbí lórí àpò lẹ́tà, ẹ lè yọ ọ́. "Holland" kì í gba "the" rárá, ẹ má sì kọ "the Holland".

Orúkọ náà dún bí ọ̀pọ̀, nítorí ìgbà tó jẹ́ ilẹ̀ púpọ̀ ló ti wá, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni wọ́n ń kà á sí: "The Netherlands is", kì í ṣe "are". Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni, àwọn oníròyìn Lọ́ńdọ̀nù máa ń kọ "are" nítorí àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni wọ́n ń rò. Ní èdè ilẹ̀ náà, "Nederland" ni, láìsí ọ̀pọ̀ kankan níbẹ̀.

Kí ló dé tí "T" tó wà nínú "The Hague" fi jẹ́ ńlá nígbà náà?

Nítorí "The" wà lára orúkọ ìlú náà gan-an, bó ṣe wà lára "Den Haag". Orúkọ rẹ̀ tó gùn ni 's-Gravenhage, ọgbà ìjòyè, ìyẹn àwọn ìjòyè tó ń ṣàkóso Họ́láńdì láyé àtijọ́. Nínú ìwé ìròyìn wa, ọ̀pọ̀ ń kọ "Hague" lásán, pàápàá nígbà tí ilé ẹjọ́ àgbáyé dá ẹjọ́ Bakassi lọ́dún 2002. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "in The Hague" ló tọ́.

Ibẹ̀ ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ilé aṣòfin wà. Ṣùgbọ́n Amsterdam ni olú ìlú gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe sọ. Ẹni tó bá ń ṣe ìdánwò, ẹ má jẹ́ kí èyí gbé yín ṣubú.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní "Dutch"?

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ló ti wá, tó túmọ̀ sí "ti àwọn ará ìlú", ìyẹn èdè tí mẹ̀kúnnù ń sọ, tí kì í ṣe Látìnì. Orísun kan náà ló bí "Deutsch" tí àwọn ará Jámánì ń pe ara wọn. Nígbà kan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ará Jámánì àti ará Nẹ́dálándì ní "Dutch" pọ̀, kó tó di ti Nẹ́dálándì nìkan. Èyí ló fi jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń pè ní "Pennsylvania Dutch" ní Amẹ́ríkà, ọmọ àwọn tó wá láti ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n.

Ẹ kọ "Dutch" fún èdè àti fún àwọn ènìyàn lápapọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, "a Dutchman", "a Dutchwoman" tàbí "a Dutch person". Ẹ má kọ "a Dutch", ó máa ń ta etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. "Hollander" wà, ṣùgbọ́n ẹ fi mọ sọ́dọ̀ ará Họ́láńdì gidi. "Netherlandish" kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àfi lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ nípa àwòrán àtijọ́.

Mi ò rí Holland nínú àkójọ orúkọ orílẹ̀-èdè lórí fọ́ọ̀mù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wo abẹ́ N. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo abẹ́ T, nítorí àwọn kan to "The Netherlands" síbẹ̀. Àmì lẹ́tà méjì rẹ̀ ni NL, ti lẹ́tà mẹ́ta sì ni NLD. Nínú eré ìdárayá, NED ni.

Ṣé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń bínú bí mo bá pè wọ́n ní ará Họ́láńdì?

Ó dá lórí ibi tí wọ́n ti wá. Ará Amsterdam kò ní bìkítà. Ará Friesland, tó ní èdè tirẹ̀ tí òfin mọ̀, lè tún un sọ fún yín lójú ẹsẹ̀. Ní Brabant àti Limburg, "Hollander" ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tó wà lókè àwọn odò ńlá, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ oríyìn: ẹni tó ń pariwo, tó mọ owó ṣírò jù, tó rò pé ọ̀dọ̀ òun layé ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn, ará Limburg tòun ti Friesland, á wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, wọn á máa pariwo "Hup Holland!" Kò sí ẹni tó ń yọ ìwé àwòrán ilẹ̀ jáde nígbà náà. Kọjá ẹnu ibodè, ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà ń pe gbogbo wọn ní "Hollanders" láìṣẹ́ ẹnì kan kù.

Aṣọ tí à ń pè ní "Hollandis", ṣé Họ́láńdì ló ti wá?

Bí ti Vlisco, ilé iṣẹ́ aláṣọ, ni ẹ ń sọ, rárá. Helmond ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1846, Helmond sì wà ní Noord-Brabant. Ẹ ṣí etí aṣọ náà wò: ẹ óò rí i tí wọ́n tẹ "Guaranteed Dutch Wax" sí i, tàbí "Véritable Wax Hollandais" ní Faransé. Nínú èdè Faransé, "hollandais" ń ṣiṣẹ́ méjì, ti Họ́láńdì àti ti gbogbo Nẹ́dálándì. Láti ẹnu àwọn ìyálọ́jà Lomé àti Kútọnu, àwọn Nana Benz àti ẹgbẹ́ wọn, ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀ lẹ́bàá òkun yìí.

Ọgbọ́n rẹ̀ pàápàá, Java ni wọ́n ti kọ́ ọ, ní Indonẹ́síà, níbi tí wọ́n ti ń fi ìda ṣe bátíkì nígbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Nẹ́dálándì. Aṣọ tí ọgbọ́n rẹ̀ ti Java wá, tí wọ́n ṣe ní Brabant, tí a ń rà lọ́jà Balógun, tó ń jẹ́ Họ́láńdì! Ẹ má torí ìyẹn yí orúkọ rẹ̀ padà o. Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ aláṣọ tó béèrè "aṣọ Brabant" yóò padà lọ́wọ́ òfo.

Ohun tó jẹ́ ti Họ́láńdì gidi nínú ayẹyẹ wa ni ọtí ṣìnáàpù. Schiedam, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rotterdam ní Zuid-Holland, ni wọ́n ti ń pọn ọ̀pọ̀ èyí tí ọkọ̀ kó wá sí etíkun wa láyé àtijọ́. Orúkọ ìlú náà wà lára ìgò. Nítorí náà, lórí tábìlì ìdána, ìgò ṣìnáàpù lè jẹ́ ará Họ́láńdì, kí aṣọ ìyá ìyàwó má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Holland Park, Holland Tunnel, South Holland, New Holland: ṣé ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lincolnshire, agbègbè kan wà tó ń jẹ́ Holland, tí orúkọ rẹ̀ ní orísun tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. "South Holland" ni ìjọba ìbílẹ̀ kan ń jẹ́ níbẹ̀ títí dòní, Spalding sì ni ìlú ńlá rẹ̀. Ohun tó tún dà á rú ni pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, àwọn náà sì ń gbin òdòdó tulip. Tí ẹ bá ń túmọ̀ ìròyìn tó dárúkọ "South Holland", ẹ kọ́kọ́ wo ìlú tí wọ́n dárúkọ tẹ̀ lé e.

Holland Park ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ara ti Lincolnshire yìí ni: Henry Rich, tó gba oyè Earl of Holland lọ́dún 1624, ló fún ilé àti ọgbà náà lórúkọ. Holland Tunnel ní New York, orúkọ ènìyàn ni, Clifford Holland, ẹnjiníà tó darí iṣẹ́ rẹ̀. Kátakátá New Holland gba orúkọ ìlú kan ní Pennsylvania, níbi tí ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1895.

Èyí tó jẹ́ tiwọn lóòótọ́: ìlú Holland ní Michigan, tí àwọn Kristẹni tó ṣí kúrò ní Nẹ́dálándì tẹ̀ dó lọ́dún 1847, àti "New Holland" tó jẹ́ orúkọ Ọsitirélíà tẹ́lẹ̀. Harlem tó wà ní New York, Haarlem ló ti wá. Brooklyn ni kì í ṣe ti Họ́láńdì: Breukelen ni, ní ìpínlẹ̀ Utrecht.

New Zealand ńkọ́?

Zeeland ló ti wá, ìpínlẹ̀ erékùṣù tó wà nígun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Tasman, atukọ̀ òkun Dutch, dé New Zealand lọ́dún 1642, àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ Dutch ló sì sọ ọ́ lórúkọ yìí lẹ́yìn náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìpínlẹ̀ náà ni "Zeeland", e méjì. "Zealand" láìsí "New" ni erékùṣù Dẹ́ńmákì tí Copenhagen wà lórí rẹ̀.

Ṣé "the Kingdom of the Netherlands" àti "the Netherlands" jẹ́ ọ̀kan náà?

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìjọba ọba náà ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin nínú: Nẹ́dálándì, Aruba, Curaçao àti Sint Maarten, tí mẹ́ta ìkẹyìn wà lójú òkun Kàríbéánì. Bonaire, Sint Eustatius àti Saba náà wà ní Kàríbéánì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 2010, ara Nẹ́dálándì gan-an ni wọ́n, láìsí nínú ìpínlẹ̀ kankan.

Nítorí náà, ọmọ Curaçao ní ìwé ìrìnnà Nẹ́dálándì lọ́wọ́, ọmọ Nẹ́dálándì sì ni lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé "ará Họ́láńdì" ni ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí la ó wá máa kọ nínú Yorùbá?

Nẹ́dálándì fún orílẹ̀-èdè, Họ́láńdì fún ìpínlẹ̀ méjèèjì àti ilẹ̀ àtijọ́ náà. Nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí ẹ fà yọ, ẹ fi ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Orúkọ ọjà, bíi ti aṣọ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ibi tó nílò ìṣọ́ra jù ni ìwé ìtàn. Àwọn kan ti mọ́ra láti máa pààrọ̀ gbogbo "Holland" tí wọ́n bá rí sí Nẹ́dálándì, kọ̀ǹpútà á sì bá wọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà, Floris Kejì á di olórí Nẹ́dálándì lọ́dún 1101, Louis Bonaparte á jọba lórí ilẹ̀ tí kò jẹ́ orúkọ yẹn lásìkò rẹ̀, Noord-Holland á sì di "Nẹ́dálándì ti Àríwá", ibi tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan. Ẹ ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ọdún rẹ̀, kí ẹ tó yí i padà.